Odò Bronx: Iṣẹ́ Tó Kù Lẹ́yìn Tí Wọ́n Kó Táyà Tán

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojúurin 6 láti Manhattan, tó sì sọ̀ ní Whitlock Avenue ní Bronx, yóò rí i láti orí ibùdókọ̀ tí wọ́n gbé sórí òpó irin náà: àwọn àgbá gàgàrà ti ilé iṣẹ́ kọnkéré àtijọ́ kan, tí wọ́n kùn ní ọ̀dà pupa, dúró láàárín koríko. Àwọn ènìyàn ń jókòó nísàlẹ̀ wọn, àwọn mìíràn ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá, odò sì ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Concrete Plant Park ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Kọnkéré ni wọ́n ń pò níbẹ̀ títí di 1987. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, etí odò di ibi tí wọ́n ń da táyà sí, tí àwọn kan sì ń ti ọkọ̀ jíjí gbé sọnù sí. Lónìí, ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba ìlú ni, ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ tó ń tẹ̀lé Odò Bronx sì gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọn aládùúgbò ló jà fún un.

Ìtàn bí wọ́n ṣe kó táyà àti ọkọ̀ jáde nínú odò yìí ti di mímọ̀ káàkiri New York, ó sì dùn ún sọ. Àmọ́ kò sí ìlú tí kò lè kó èrò jọ lọ́jọ́ kan láti gbálẹ̀. Ohun tó ṣòro ni kí ibẹ̀ má tún di ààtàn kó tó di ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n ti gbìyànjú lórí Odò Bronx lẹ́ẹ̀kan rí, wọ́n rí apá kan ṣe, ìdọ̀tí sì ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún. Ẹ̀ẹ̀kejì ló dúró. Ohun tó mú ẹ̀ẹ̀kejì yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín.

Odò náà gùn tó máìlì 23. Westchester, lókè ìlú New York, nítòsí ìsédò Kensico, ló ti ń bọ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ White Plains, Scarsdale àti Bronxville kọjá, níbi tí àwọn olówó pọ̀ sí, kó tó wọ Bronx. Nínú Bronx, nǹkan bí máìlì 8 ló rìn: ó gba inú ọgbà ewéko New York Botanical Garden, ó gba inú Bronx Zoo, ó já sí West Farms, lẹ́yìn náà ó gba àárín Soundview àti Hunts Point lọ sínú East River. Kí orúkọ má tàn yín: apá òkun ni East River, kì í ṣe odò. Odò Bronx ni wọ́n máa ń pè ní odò aláìníyọ̀ kan ṣoṣo tó ṣàn nínú ìlú New York.

Ọ̀dọ̀ olówó ló ti ń ṣàn lọ sọ́dọ̀ tálákà. Ohunkóhun tí wọ́n bá dà sínú rẹ̀ lókè, ìsàlẹ̀ ló ń bá, ìsàlẹ̀ náà sì ni South Bronx, tó wà nínú agbègbè aṣòfin àpapọ̀ tí wọ́n máa ń kà sí èyí tó tòṣì jù lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Àwọn ọmọ onílẹ̀ tó kọ́kọ́ gbé ibẹ̀ ń pe odò náà ní Aquehung. Láti ọ̀dọ̀ Jonas Bronck, ará Sweden tó wá tẹ̀dó síbẹ̀ ní 1639, ni orúkọ tuntun ti jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọlọ tí omi ń yí dé, tí wọ́n fi ń lọ ọkà, tí wọ́n tún fi ń lọ tábà tí wọ́n ń fín símú. Ilé ọlọ tábà tí ìdílé Lorillard kọ́ ní nǹkan bí 1840 ṣì dúró nínú ọgbà ewéko náà títí di òní. Reluwéè dé, ilé iṣẹ́ tẹ̀lé e, àwọn ìlú tó wà lókè sì sọ odò di gọ́tà wọn. Ní 1907 ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti tún un ṣe, ìgbìmọ̀ náà ló sì kọ́ ọ̀nà ọkọ̀ Bronx River Parkway tí wọ́n parí ní 1925. Ọ̀nà náà rẹwà, wọ́n gbin igi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n níbi púpọ̀ wọ́n fa odò tó ń yí kọ́lọkọ̀lọ tẹ́lẹ̀ di tààrà kó lè fi àyè sílẹ̀ fún mọ́tò. Àwọn ará ìsàlẹ̀ kò tilẹ̀ rí ẹwà yẹn gbà.

Ohun tí wọ́n rí gbà ni Robert Moses, ọ̀gá ìjọba tó ń kọ́ ọ̀nà márosẹ̀ káàkiri New York. Ọ̀nà márosẹ̀ Cross Bronx tó là kọjá gé agbègbè náà sí méjì. Ọ̀nà márosẹ̀ Sheridan, tí wọ́n ṣí lẹ́yìn 1960, gba ẹ̀gbẹ́ odò láti West Farms sọ̀ kalẹ̀ sí Hunts Point. Ọmọ tí wọ́n bí sí àdúgbò náà lákòókò yẹn lè dàgbà, kó gbéyàwó, kó bímọ, láì mọ̀ pé odò wà nítòsí ilé rẹ̀. Ògiri ilé iṣẹ́, wáyà ẹlẹ́gùn-ún, ojú irin àti ọ̀nà márosẹ̀ ló wà láàárín òun àti omi.

Ní 1974, nígbà tí iná ń jó ilé káàkiri South Bronx tí àwọn onílé ń sá fi dúkìá wọn sílẹ̀, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Bronx River Restoration bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ruth Anderberg ló ṣíwájú. Anthony Bouza, ọ̀gá ọlọ́pàá ní Bronx nígbà náà, dúró tì í. Wọ́n kó ìdọ̀tí ní West Farms, wọ́n fi ọgbà rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì ya ètò sórí ìwé nípa bí ọgbà yóò ṣe máa tẹ̀lé odò lọ dé òkun. Nínú àkókò tí ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé ènìyàn ń gbé ní South Bronx, ohun ńlá ni. Síbẹ̀, nígbà tí àárín àwọn ọdún 1990 dé, ọkọ̀ àti táyà ṣì kún ìsàlẹ̀ odò.

Kí ló fà á? Lójú tèmi, kì í ṣe pé àwọn ẹni àkọ́kọ́ kò ṣiṣẹ́ tó. Ilẹ̀ etí odò náà kò sí lọ́wọ́ ẹnì kan. Ìjọba ìlú ni tirẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ ni tirẹ̀, reluwéè ni tirẹ̀, ilé iṣẹ́ aládàáni náà ni tiwọn. Ẹni tó kó táyà lónìí kò ní àṣẹ láti ti géètì lọ́la, kò sì sí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún láti padà wá wo ibẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ẹni tó bá rántí ìmọ́tótó àyíká ti Sátidé ìparí oṣù nílé mọ bó ṣe máa ń rí: a ó kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà jáde sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òjò á sì gbá a padà wọlé kí ọkọ̀ ìjọba tó rántí wá kó o.

Ìgbìyànjú kejì bẹ̀rẹ̀ ní 1997. Partnerships for Parks, ètò kan tó so ilé iṣẹ́ ọgbà ìgbafẹ́ ti ìlú New York pọ̀ mọ́ àwọn aládùúgbò, kó àwọn tí ọ̀rọ̀ odò náà kàn jọ sójú kan, wọ́n sì pe ara wọn ní Bronx River Working Group. Ó lé ní ẹgbẹ́ 60 tó dara pọ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún: ẹgbẹ́ àdúgbò, iléèwé, ilé ìjọsìn, iléeṣẹ́ ìjọba. Ọkọ̀ tó ti rì sínú ẹrẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ lásán fà, nítorí náà wọ́n pe àwọn ọmọ ogun National Guard tó ní ẹ̀rọ ìfàkọ̀. Apá yìí ni àwòrán rẹ̀ pọ̀ jù nínú ìwé ìròyìn.

Ohun tí wọ́n ṣe ní 1999 ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù ńlá kan tó ní àwọ̀ wúrà sínú omi, ó léfòó, ó ń bá omi lọ sísàlẹ̀, àwọn ọkọ̀ alájẹ̀ tẹ̀lé e, àwọn èrò sì ń dúró dè é létí odò ní àdúgbò kan tẹ̀lé òmíràn. Bọ́ọ̀lù náà kò kó ìdọ̀tí kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró ní ìsàlẹ̀ rí i pé ohun tó wà níwájú òun ti kọjá lọ́dọ̀ àwọn ará òkè. Fún ibi tí ọ̀nà márosẹ̀ ti pín àwọn ènìyàn kúrò lọ́dọ̀ ara wọn fún nǹkan bí ogójì ọdún, iṣẹ́ gidi nìyẹn, bí kò tilẹ̀ jọ iṣẹ́.

Lákòókò kan náà, Partnerships for Parks ń fi $10,000 lọ ẹni tó bá lè dá ohun kan sílẹ̀ létí odò ní Hunts Point. Majora Carter, ọmọ bíbí àdúgbò náà, kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ náà kò mọ́gbọ́n wá, torí kò mọ ibi tí ènìyàn lè gbà dé omi. Ajá rẹ̀, Xena, ló yanjú ọ̀rọ̀. Bí ó ṣe mú un rìn láàárọ̀ ọjọ́ kan, ajá náà fà á wọ inú ohun tó dà bí ààtàn lásán ní òpin òpópónà Lafayette Avenue, ó fà á lọ títí, odò wá yọ níwájú. $10,000 yẹn di Hunts Point Riverside Park, tí owó tí wọ́n ná lé e lórí lé ní mílíọ̀nù 3 dọ́là, ọgbà ìgbafẹ́ etí omi tí South Bronx kọ́kọ́ rí gbà láti ọdún tó lé ní 60. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Rocking the Boat wà, àjọ kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 1996, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi ọwọ́ ara wọn kan ọkọ̀ onígi tí wọ́n sì ń tù ú lórí odò. Àwọn tírélà tó ń lọ sí ọjà oúnjẹ ńlá Hunts Point ń kọjá nítòsí wọn tọ̀sán tòru. Kò dákẹ́ rọ́rọ́ bí inú igbó, kò sì sẹ́ni tó ní kó dákẹ́.

Ibi tí ọgbọ́n ìgbà kejì wà, lójú mi, ni ohun tí wọ́n ṣe ní 2001. Wọ́n sọ Working Group di àjọ kan tó ń jẹ́ Bronx River Alliance, àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń darí àjọ náà ni ilé iṣẹ́ ọgbà ìgbafẹ́ ìlú tún fi ṣe alábòójútó Odò Bronx. Linda Cox di ipò méjèèjì náà mú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹnì kan náà ló ń jíhìn fún àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn àti fún ìjọba. Bí wọ́n bá fẹ́ gbin igi sí ibì kan, kò sí pé wọ́n ń wá àṣẹ kiri láti ọ́fíìsì kan dé òmíràn títí àkókò òjò fi kọjá.

Ẹni tó bá gbọ́n yóò béèrè pé ṣé àjọ tó ń jẹun nínú àwo ìjọba lè bá ìjọba wí? Ìbéèrè yẹn kì í ṣe asán. Síbẹ̀ ẹgbẹ́ tó wà lábẹ́ agboòrùn kan náà kò dákẹ́. Youth Ministries for Peace and Justice ní Soundview, tí ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, jà kí wọ́n má ta ilẹ̀ ilé iṣẹ́ kọnkéré náà, wọ́n sì tún wà lára àwọn tó bá ìjọba ìpínlẹ̀ fà á fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí Sheridan, títí wọ́n fi sọ ọ̀nà márosẹ̀ náà di òpópónà lásán tí ẹlẹ́sẹ̀ lè là kọjá ní 2019. Àjọ ńlá ń bá ìjọba jókòó, àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹ bá bi mí, méjèèjì ló ṣe iṣẹ́ náà.

Nǹkan kejì tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gba ikọ̀ òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún, Conservation Crew, tí iṣẹ́ wọn ni odò, ojoojúmọ́. Kí a tó lè mọ ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì, ó yẹ ká sọ̀rọ̀ nípa ewéko kan.

Japanese knotweed ni orúkọ rẹ̀. Láti ìlà oòrùn Éṣíà ni wọ́n ti gbé e wá ní ọ̀rúndún 19 gẹ́gẹ́ bí òdòdó ọgbà. Ó ní oríkèé bí ọparun, inú rẹ̀ ṣófo, ó sì lè ga ju ènìyàn lọ láàárín oṣù díẹ̀. Nígbà òtútù gbogbo rẹ̀ á gbẹ, á wó, ilẹ̀ etí odò á sì wà ní ìhòòhò, kò ní sí gbòǹgbò kéékèèké tó máa di iyẹ̀pẹ̀ mú nígbà tí omi bá kún. Gbòǹgbò tirẹ̀ ń rìn lábẹ́ ilẹ̀. Ègé rẹ̀ tó kéré bí orí ìka tó bá já bọ́ sínú omi, ibi tó bá gúnlẹ̀ sí ló ti ń hù. Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ràn etí odò. Bí wọ́n bá gé e ní òkè tí wọ́n sì jẹ́ kí ègé rẹ̀ bá omi lọ, wọ́n ti bá a gbin oko tuntun sí ìsàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo òwúrọ̀ Sátidé kan. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn á dé, wọ́n á kọ orúkọ sílẹ̀, wọ́n á gba ìbọ̀wọ́, wọn á pín ṣọ́bìrì àti ohun ìgékoríko láàárín ara wọn. Ẹnì kan nínú ikọ̀ á ṣàlàyé ohun tí wọ́n máa gé àti ohun tí wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn: abẹ́rẹ́ ìgúnra, ike tó ní omi tí a kò mọ̀ nínú, ewéko kan tó ń mú ara yún ni tí wọ́n ń pè ní poison ivy. Láàárín wákàtí mẹ́ta, ibi tó dí bí igbó ti mọ́, odò ti hàn, inú gbogbo ènìyàn á dùn, wọ́n á ya fọ́tò. Wọn kò ṣe àṣejù. Wọ́n ti ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí kò bá sí ẹni tó padà síbẹ̀ ṣáájú kí oṣù tó parí, knotweed á ti dé orúnkún. Wọ́n ní láti gé e léraléra jálẹ̀ àsìkò tó fi ń hù, ọdún lẹ́yìn ọdún, kí oúnjẹ tó kó pamọ́ sínú gbòǹgbò tó tán, kí wọ́n sì gbin igi ìbílẹ̀ tí òjìji rẹ̀ á bò ó mọ́lẹ̀. Igi tuntun náà fẹ́ omi nínú ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀ àkọ́kọ́, bóyá ti ẹlẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú, ní ọjọ́ tí oòrùn mú jù, tí kò sí ẹni tó fẹ́ jáde.

Èrò Sátidé ló ní ọwọ́ púpọ̀. Ikọ̀ ló ní ìrántí. Ikọ̀ ló mọ̀ pé lábẹ́ afárá báyìí ni wọ́n gé e sí lóṣù tó kọjá, pé igi mẹ́ta nínú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé gbìn lọ́hùn-ún ti ń rọ. Mo ti rí àwọn ètò olùyọ̀ǹda tó ń ka iye èrò tó wá gẹ́gẹ́ bí àṣeyọrí. Iye èrò kò sọ nǹkan kan fún ni nípa ìwọ̀n knotweed.

Wọ́n ṣí Concrete Plant Park ní 2009. Wọn kò wó àwọn àgbá ilé iṣẹ́ náà, ìpinnu tó dára ni, nítorí ibi tí wọ́n bá pa ohun àná rẹ́ pátápátá, ó máa ń rọrùn láti sọ pé ẹlòmíràn ló kọ́ ọ. Láti 2017 ni Bronx River Foodway ti wà níbẹ̀: wọ́n gbin igi eléso, èso kéékèèké àti ewé ìṣègùn, wọ́n sì gba ará ìlú láyè láti já wọn jẹ. Òfin ọgbà ìgbafẹ́ New York kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti já ewé kan ní ibòmíràn, nítorí náà ohun tuntun pátápátá ni fún ìlú náà. Fún àwa tí a dàgbà síbi tí ènìyàn ti lè já ewúro lẹ́yìn ilé, kò jọ ohun tó yẹ kí ìjọba máa jíròrò lé lórí. Síbẹ̀ ó ti ṣe ohun kan tí ìgbálẹ̀ kò lè ṣe: ẹni tó wá já ewé, tó sì fẹ́ tún wá já a lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, yóò fa koríko ìdí rẹ̀ tu láì sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́.

Starlight Park, lókè díẹ̀, ni iṣẹ́ ti pẹ́ jù. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n kan ẹ̀gbin tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe gáàsì láyé àtijọ́ fi sílẹ̀, wọ́n sì ní láti kó iyẹ̀pẹ̀ náà kúrò kí wọ́n tó lè tẹ̀síwájú. Ọdún 2013 ni wọ́n tó ṣí i. Láti so ó pọ̀ mọ́ Concrete Plant Park, afárá ní láti kọjá lórí ojú irin Amtrak, ìjíròrò lórí ìyẹn sì gba ọdún gọbọi. 2023 ni apá kejì tó parí. Lára ohun tí olùyọ̀ǹda kò lè fi ṣọ́bìrì ṣe ni èyí. Amòfin, owó àti sùúrù ló ṣe é. Owó náà, púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti ọwọ́ José Serrano, tó jẹ́ aṣòfin àpapọ̀ fún agbègbè náà nígbà náà, àti láti inú owó tó lé ní mílíọ̀nù 200 dọ́là tí ìlú fi lélẹ̀ fún àwọn ọgbà ìgbafẹ́ Bronx nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ tó ń sẹ́ omi mímu sábẹ́ Van Cortlandt Park.

Ní February 2007, wọ́n rí beaver kan, ẹranko odò tó ń fi eyín gé igi, nínú odò náà. Ẹranko yìí wà lára àmì ìlú New York, nítorí òwò awọ rẹ̀ wà lára ohun tó kọ́ ìlú náà, ṣùgbọ́n ó ti tó 200 ọdún tí wọ́n ti rí ọ̀kan nínú ìlú kẹ́yìn. Wọ́n sọ ọ́ ní José, fún Serrano. Èkejì dé ní 2010. Wọ́n ní kí ará ìlú dìbò fún orúkọ rẹ̀, wọ́n sì pè é ní Justin, nítorí ọmọ olórin kan tí orúkọ ìdílé rẹ̀ jọ ti ẹranko náà létí. Ẹja alewife tí ń bímọ sínú odò, tó sì ń lọ gbé inú òkun, ni wọ́n tún dá padà ní 2006 àti 2007. Nígbà tó ṣe, wọ́n ṣe àtẹ̀gùn ẹja sí ìsédò tó wà ní 182nd Street kí wọ́n lè gùn ún kọjá. Àwọn aládùúgbò àti ọmọ iléèwé ló ń bá àwọn onímọ̀ ka ẹja náà.

Ìròyìn ayọ̀ ni, àmọ́ kò túmọ̀ sí pé omi ti mọ́. New York jẹ́ kí omi òjò àti omi ìgbọ̀nsẹ̀ jọ gba ọ̀pá kan náà ní ibi púpọ̀. Bí òjò bá ti pọ̀, ọ̀pá náà á kún, ohun tó wà nínú rẹ̀ á sì tú sínú odò. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi jẹ́ kí olùyọ̀ǹda wọ inú omi lẹ́yìn òjò. Láṣálẹ́ September 1, 2021, nígbà tí ìjì Ida dé, òjò tó tó milimítà 80 rọ̀ láàárín wákàtí kan ní Central Park, Bronx River Parkway sì di odò, àwọn ọkọ̀ rì sójú ọ̀nà. Lẹ́yìn irú òjò bẹ́ẹ̀, ike, láílọ́nù àti abọ́ fóòmù á so kọ́ ẹ̀ka igi létí odò. Níbi wọ̀nyí, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn kì í kàn kó wọn dà nù. Nínú ètò tí Alliance ń pè ní Project WASTE, wọ́n ń ya ohun tí wọ́n kó sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ń kà á, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kíkà yìí kò dùn ún ṣe, ó sì ń dín iye àpò tí wọ́n lè kó kù. Mo rò pé ó níye lórí ju kíkó lọ. Ẹni tó bá lọ bá ìjọba pẹ̀lú àpò ìdọ̀tí, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó lọ pẹ̀lú ìwé tó sọ ohun tó wà nínú àpò náà, wọ́n ní láti dá a lóhùn.

Àwa ọmọ Yorùbá kò pọ̀ ní Bronx tó àwọn ará Gánà, ṣùgbọ́n a wà níbẹ̀, a ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ní mọ́ṣáláṣí, a sì ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn àti ilé ìtọ́jú arúgbó. Sátidé wa kì í ṣe ti ìgbálẹ̀. Èmi kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi fún ìyẹn. Àmọ́ ó jẹ́ ká rí ohun tó ń fara pamọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda ara ẹni: ẹni tó ní àyè ló ń yọ̀ǹda. Bí ìtọ́jú odò bá wà lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ nìkan, àdúgbò tí iṣẹ́ ń pa ni ìdọ̀tí yóò máa ṣẹ́kù sí. Ikọ̀ tí wọ́n ń sanwó fún, tí wọ́n sì ń gbà láti inú àdúgbò náà gan-an, ló dí ihò yẹn.

Ikọ̀ náà sì fẹ́ owó lọ́dọọdún. Ìpín tí ilé iṣẹ́ ọgbà ìgbafẹ́ ń gbà nínú ètò ìṣúná ìlú New York kò tó 1%. Àwọn àjọ tó ń tọ́jú ọgbà káàkiri ìlú ti ń béèrè fún 1% yẹn látọjọ́ pípẹ́. Eric Adams ṣèlérí rẹ̀ nígbà tó ń polongo ìbò láti di olórí ìlú ní 2021, ó wọlé, ètò ìṣúná rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde láì dé ibẹ̀. Nítorí náà, ní ìgbà ìrúwé, nígbà tí knotweed ń yọrí, àwọn kan nínú àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn máa ń fi ṣọ́bìrì sílẹ̀ lọ sí City Hall, kí wọ́n lè sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ owó.